Òfin gba ọba lọ́wọ́ ẹ̀fẹ̀, ìyàwó ilé ló fara gbá a: ọ̀ràn Daumier ní Paris, 1835 sí 1849

Ọkùnrin kan dúró láàárín yàrá, ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú lọ́wọ́, inú ń bí i. Ìyàwó rẹ̀ jókòó, ìwé ló ń kà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí ọkùnrin náà lẹ́nu, lábẹ́ àwòrán, nìyí: "Kí ló kàn mí kan Madame Sand yín yẹn, tí kò jẹ́ kí àwọn obìnrin tún ṣòkòtò rán mọ́, tó jẹ́ pé òun ló fà á tí ọ̀já abẹ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi fi tú! Àfi kí wọ́n dá òfin ìkọ̀sílẹ̀ padà, tàbí kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ òǹkọ̀wé yẹn kúrò nílẹ̀!" Láyé ìgbà yẹn, ṣòkòtò àwọn ọkùnrin Paris ní ọ̀já tó ń gba abẹ́ bàtà kọjá kó lè fà á gún. Bí ọ̀já yẹn bá tú, ìyàwó ni wọ́n ń retí pé kó rán an.

Ọdún 1839 ni àwòrán yìí jáde nínú Le Charivari, ìwé ìròyìn tó ń gbé àwòrán tuntun kan jáde lójoojúmọ́. Honoré Daumier ló yà á. Ó wà nínú ọ̀wọ́ tí wọ́n sọ ní Mœurs conjugales, ìyẹn ìwà àwọn lọ́kọláya, tí wọ́n ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti 1839 sí 1842 títí ó fi pé 60. Madame Sand tí ọkọ ń bú kì í ṣe ẹni inú àlọ́. Aurore Dupin ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, George Sand ló fi ń kọ̀wé, àwọn èèyàn ń ra ìwé rẹ̀ gan-an, ilé ẹjọ́ sì ti ya òun àti ọkọ rẹ̀ nípá ní 1836.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí àwòrán yìí lónìí á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọjá lọ. Èmi kò lè kọjá. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ju ọ̀já ṣòkòtò lọ. Ọba kan wà nídìí rẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà nídìí rẹ̀, ọkọ kan tó yìnbọn fún ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ìkankan nínú wọn tí ojú lè rí lórí ìwé. Mo fẹ́ tú u palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí Daumier kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nínú yàrá lọ́kọláya.

Ọ̀dọ̀ ọba ló ti bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù Keje ọdún 1830, àwọn ará Paris dìde, wọ́n sì lé Ọba Charles X kúrò lórí ìtẹ́. Louis-Philippe ló gorí oyè lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ tó búra lé lórí sọ ọ́ ní gbangba pé ìjọba kò ní máa yẹ ìwé wò mọ́ kó tó jáde, àti pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ padà wá láé. Charles Philipon, ọmọ ìlú Lyon, di ọ̀rọ̀ yìí mú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn ló dá ìwé ìròyìn La Caricature sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1832, ó fi Le Charivari tì í. Àna rẹ̀, Aubert, ló ni ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta àwọn àwòrán náà ní Galerie Véro-Dodat. Ẹni tí kò lówó láti rà á, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni yóò dúró sí tí yóò máa wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Ọ̀kan nínú àwọn tí Philipon gbà síṣẹ́ ni Daumier. Marseille ni wọ́n ti bí i ní 1808. Bàbá rẹ̀ ń fi gíláàsì ṣiṣẹ́ ṣe, àmọ́ ewì ló wà lọ́kàn rẹ̀, ewì náà ló sì gbé e wá sí Paris. Ọmọ yìí ti jẹ́ ìránṣẹ́ lọ́dọ̀ akódà ilé ẹjọ́, ó ti ṣiṣẹ́ nílé ìtàwé, kó tó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán sórí òkúta.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí òkúta yìí, nítorí òun ló jẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ ojoojúmọ́ ṣeé ṣe. Lítógíráàfù ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Alois Senefelder ló ṣàwárí rẹ̀ ní Munich, nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ. Òkúta ẹfun tó le tó sì dán, pàápàá èyí tí wọ́n ń wà ní Solnhofen ní Bavaria, ni wọ́n ń lò. Ayàwòrán á fi kéréyọ̀nù tó lọ́ràá yàwòrán sójú òkúta náà gẹ́gẹ́ bó ṣe máa yà á sórí ìwé. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù igi tí wọ́n pò mọ́ ásíìdì díẹ̀ pa á lójú, wọ́n á sì fi omi rin ín. Omi kì í dúró lórí ọ̀rá. Tàdáwà ìtẹ̀wé, tó lọ́ràá lára, kì í sì í dúró lórí omi. Bí wọ́n bá wá yí rólà tàdáwà kọjá lórí òkúta náà, ojú ìlà kéréyọ̀nù nìkan ni yóò gbà á. Wọ́n á tẹ́ ìwé lé e, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ fún òmíràn. Kò sí agbẹ́nà kankan láàárín ọwọ́ ayàwòrán àti ojú òǹkàwé: bí ọwọ́ Daumier bá gbọ̀n, gbígbọ̀n náà á hàn, bó bá fi ìbínú tẹ kéréyọ̀nù, òǹkàwé á rí ìbínú náà. Iye òkúta tó bá yà ni wọ́n fi ń sanwó fún un, nǹkan bí 4,000 ló sì yà láyé rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá 1831, ó yà Louis-Philippe ní Gargantua, òmìrán àjẹkì: ọba jókòó lórí ìtẹ́, wọ́n fi pákó gígùn kan sí i lẹ́nu, àwọn aláàárù ń gba orí rẹ̀ gòkè, wọ́n ń da owó àwọn tálákà sí ọba lọ́nà ọ̀fun, ìwé oyè àti àǹfààní sì ń jáde lábẹ́ ìjókòó rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ ìjọba. Ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà àti owó ìtanràn 500 franc fún un. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 1832 ni wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n Sainte-Pélagie. Oṣù Kejì 1833 ló tó gba òmìnira. Philipon fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n. Òun ló dúró níwájú ilé ẹjọ́ tó ya ojú ọba nígbà mẹ́rin, tó ń yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí ojú náà fi di èso píà, tó sì bi wọ́n léèrè pé ṣé wọn yóò fẹ̀sùn kan èso náà pẹ̀lú.

Àmọ́ àwòrán tí n kò lè gbàgbé nínú ìgbà yẹn kì í ṣe ti ọba. Ní oṣù Kẹrin 1834, nígbà tí rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Paris, àwọn ọmọ ogun ní ẹnì kan yìnbọn lù àwọn láti ilé kan ní òpópónà Transnonain. Wọ́n já wọ ilé náà, wọ́n sì pa àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Daumier yà yàrá kan ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀sùn, tó dé fìlà àwọ̀sùn, ti ṣubú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọmọ kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti bò ó. Kò sí ọmọ ogun kankan nínú àwòrán náà, kò sí ìbọn, kò sí ẹ̀fẹ̀. Ìyẹn ni mo kà sí yàrá ìdílé títóbi àkọ́kọ́ tí Daumier yà. Àwọn ọlọ́pàá wá kó èyí tí wọ́n bá rí nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀ lọ. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, irú bẹ́ẹ̀dì yẹn, irú fìlà àwọ̀sùn yẹn, ni yóò máa fi pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 1835

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni ìbọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 1835, ọba ń gun ẹṣin kọjá ní Boulevard du Temple, nígbà tí Giuseppe Fieschi tan iná sí ohun èlò kan tó so ẹnu ìbọn 25 mọ́ra lójú fèrèsé. Èèyàn 18 ló kú. Ọta kan họ ọba níwájú orí, ṣùgbọ́n ó yè é. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìjọba gbé òfin tuntun wá: láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, kò sí àwòrán kankan, ìbáà ṣe èyí tí wọ́n gbẹ́ tàbí èyí tí wọ́n tẹ̀ láti orí òkúta, tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀, tàbí tà, tàbí gbé síta, láìgba àṣẹ tẹ́lẹ̀.

Ìwé òfin ilẹ̀ tí ọba búra lé lórí ńkọ́? Ìdáhùn wọn ni pé èrò ọkàn ni ìwé òfin yẹn dáàbò bò, ọ̀rọ̀ sì ni èèyàn fi ń sọ èrò ọkàn. Àwòrán ní tirẹ̀, wọ́n ní ojú ló ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà ìwà híhù ló jẹ́, kì í ṣe èrò. Mo ti ka àlàyé yìí léraléra, ó sì ń yà mí lẹ́nu síbẹ̀ pé wọ́n mọ agbára àwòrán tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè lóye ọba tó ń gbé owó mì. Ohun tó bà wọ́n lẹ́rù nìyẹn.

La Caricature ti pa ara rẹ̀ dé kí òfin náà tó jáde. Le Charivari kò lè pa ara rẹ̀ dé: àwọn oníbàárà ti sanwó fún àwòrán tuntun lójoojúmọ́. Wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀nà àbáyọ lọ́dọ̀ Robert Macaire, gbájúẹ̀ kan tó ń di lọ́yà lónìí, tó ń di dókítà lọ́la, tó ń di olùdásílẹ̀ ilé iṣẹ́ tí kò sí níbì kan lọ́túnla. Àwòrán 100 ni Daumier yà nípa rẹ̀ láàárín 1836 sí 1838, Philipon ló ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ wọn. Nígbà tí ìyẹn tán, ilé ló kù: ọkọ, ìyàwó, ìyá ìyàwó, ọmọ tó ń sunkún lóru, ayálégbé àti onílé, ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn odi ìlú. Aláyẹ̀wò kankan kò ní kọ̀ wọ́n. Wọn kò rí àdán mọ́, wọ́n fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Kì í ṣe Daumier nìkan ló wọ ilé. Gavarni, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Sulpice Guillaume Chevalier, ti ń yà ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ àwọn obìnrin nínú ìfẹ́ láti 1837. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín wọn tó ṣe pàtàkì sí ọ̀ràn yìí: Gavarni ló ń kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán tirẹ̀. Daumier kì í sábà kọ ọ́. Òun á yàwòrán, àwọn òǹkọ̀wé tó wà lọ́fíìsì á wá ronú ohun tí ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo àwòrán rẹ̀ kí n tó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì gba ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò wọ́n níyànjú pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ojú rí yàtọ̀ sí ohun tí etí gbọ́.

Ọkọ, aya, àti ìwé òfin

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọkọ àti ṣòkòtò rẹ̀. "Kí wọ́n dá òfin ìkọ̀sílẹ̀ padà." Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń jó èèyàn lọ́wọ́ ni ní Faransé lọ́dún yẹn. Láti 1792 ni tọkọtaya ti lè kọ ara wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin níbẹ̀. Ìwé òfin tí Napoléon gbé kalẹ̀ ní 1804 fún ọ̀nà náà pa, kò dí i. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ọkọ gbọ́dọ̀ dáàbò bo aya, kí aya sì gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Obìnrin tó wà nílé ọkọ kò lè pe ẹjọ́, kò lè ta ohun ìní rẹ̀, kò lè ra òmíràn, àfi kí ọkọ fọwọ́ sí i. Nígbà tí àwọn ọba àtijọ́ padà dé, wọ́n fagi lé ìkọ̀sílẹ̀ pátápátá ní 1816. Lẹ́yìn 1830, ilé aṣòfin kékeré dìbò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí wọ́n dá a padà. Ilé aṣòfin àgbà kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó kù fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù ni kí ilé ẹjọ́ gbà kó máa gbé níbòmíràn, síbẹ̀ ìyàwó ọkùnrin náà ló ṣì jẹ́ títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi kú.

Ní ìparí ọdún 1837, obìnrin kan tó ń jẹ́ Flora Tristan kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn aṣòfin pé kí wọ́n dá ìkọ̀sílẹ̀ padà. Ó mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, ó gba iṣẹ́ ní ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ André Chazal, ó ń fi ọ̀dà kun àwọn àwòrán tí wọ́n bá tẹ̀. Iṣẹ́ Chazal ni àwòrán gbígbẹ́ àti lítógíráàfù. Ó fẹ́ ọ̀gá rẹ̀ yìí ní 1821, ó sì sá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní 1825. Chazal lé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1838, Chazal pàdé rẹ̀ lójú pópó ní Paris, ó yìnbọn fún un. Kò kú, ṣùgbọ́n ọta náà wà nínú àyà rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ní 1839, ilé ẹjọ́ rán Chazal lọ sí iṣẹ́ àṣekára fún 20 ọdún.

Ọdún 1839 kan náà ni ọkọ inú Le Charivari na ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Gbogbo Paris ló ti gbọ́ nípa ìbọn Chazal. N kò sọ pé Daumier ní Flora Tristan lọ́kàn nígbà tó ń yà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọwọ́ obìnrin ni ẹ̀bẹ̀ fún ìkọ̀sílẹ̀ wà, ẹ̀fẹ̀ náà sì gbé e sí ọkùnrin lẹ́nu, ó sọ ọ̀já ṣòkòtò di ìdí rẹ̀. Obìnrin tó ní kí òun yè di obìnrin tí kò fẹ́ ránṣọ. Ọ̀gbọ́n tó burú nìyẹn, ó sì ṣiṣẹ́, nítorí títí dòní ṣòkòtò ni àwọn èèyàn ń rántí.

Ẹ tún wo àwòrán náà láìka ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin ń pariwo. Obìnrin jókòó, ó ní ìwé lọ́wọ́. Kò sí ohun burúkú kankan tó ń ṣe. Ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ nínú yàrá náà ni ọkọ.

Ọmọ inú ọpọ́n ìwẹ̀

Ní 1844 ni ọ̀wọ́ tó burú jù lójú tèmi jáde: Les Bas-bleus, orúkọ ẹ̀gàn tí wọ́n ń pe obìnrin tó bá fi ìwé kíkọ ṣe iṣẹ́. Àwòrán 40. Daumier jẹ́ ẹni ọdún 36, kò tíì gbéyàwó.

Nínú ọ̀kan, obìnrin kan tẹ̀ mọ́ ìwé tó ń kọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ti fi orí ṣubú sínú ọpọ́n ìwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń jù sókè. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀: "Ìyá wà nínú iná ìwé kíkọ, ọmọ wà nínú omi ọpọ́n ìwẹ̀!" Ìlà kéréyọ̀nù ibẹ̀ dára débi pé ó ń dùn mí. Ẹsẹ̀ kékeré yẹn wúwo, ó ní ẹran lára, ó wà láàyè. Ẹni tó mọ ọmọdé dáadáa ló yà á. Ó sì fi ìmọ̀ yẹn sọ pé obìnrin tó bá mú gègé yóò pa ọmọ rẹ̀. Bàbá ọmọ ńkọ́? Kò sí nínú yàrá náà, ẹ̀fẹ̀ náà kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó lọ.

Nínú òmíràn, ọkọ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́ bóyá òun lè wọlé, bóyá aya òun àti ọ̀gbẹ́ni tí wọ́n jọ ń kọ̀wé ti parí iṣẹ́ àjọṣe wọn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí òǹkàwé rò. Òmíràn tún wà tí ọkọ ti ń ráhùn: láti ìgbà tí Virginie ti gba ìdánilọ́lá keje fún ewì ní Académie française, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé èdè Faransé, òun, kápútéènì nínú ẹ̀ṣọ́ ìlú, ni òun ń ka aṣọ fún alágbàfọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí òun kò bá sì kà á, ìyàwó òun á fi ìbínú kí òun káàbọ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn díẹ̀ nínú wọn, nítorí ìwọ̀sí tí kápútéènì ń sunkún lé lórí kò ju kíka aṣọ lọ. Obìnrin ló ń kà á látọjọ́ aláyé ti dáyé, kò sì sí ìwé ìròyìn tó yàwòrán ìyẹn.

Ta ló lè fèsì? Bí wọ́n bá fi ọba ṣẹ̀fẹ̀, ọba ní ilé ẹjọ́, ó ní ọlọ́pàá, ó ní ẹ̀wọ̀n. Bí wọ́n bá fi onílé ṣẹ̀fẹ̀, bí Daumier ti ṣe dáadáa nínú ọ̀wọ́ rẹ̀ lórí àwọn onílé àti ayálégbé, onílé á gba owó ilé rẹ̀ lópin oṣù. Obìnrin tó ń kọ̀wé kò ní ìbò, kò lè pe ẹjọ́ láìgba ìyọ̀ǹda ọkọ. Gègé nìkan ló ní, gègé náà ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún 1844 yẹn ni Flora Tristan kú ní Bordeaux, níbi tó ti ń rìn kiri láti kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdàkejì pẹ̀lú, nítorí òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹrin 1846, Daumier gbé Marie-Alexandrine Dassy níyàwó, aránṣọ tó ń fi abẹ́rẹ́ jẹun. Ọmọkùnrin tí wọ́n bí kú ní kékeré. Wọ́n ń gbé ní quai d'Anjou, ní Île Saint-Louis, níbi tí èèyàn ti lè rí àwọn alágbàfọ̀ tó ń gòkè bọ̀ láti etí odò Seine. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀dà yà ọ̀kan nínú wọn. Nǹkan bí 1863 ni èyí tó wà ní Musée d'Orsay. Obìnrin náà gbé ẹrù aṣọ tútù, ó sì fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Kò sí òǹkọ̀wé ọ́fíìsì kankan tó kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ ohun tí iṣẹ́ ilé ń gbà lára obìnrin. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fojú fo Les Bas-bleus bí ẹni pé aláìmọ̀kan ló yà á.

Nígbà tí òfin kò sí mọ́

Àwọn tó fẹ́ràn Daumier máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru òfin 1835. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe aláyẹ̀wò ìjọba ni, ọba ni kò bá máa yà títí. Ìdajì òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì 1848, Louis-Philippe sá kúrò lórí ìtẹ́. Kò pẹ́, wọ́n fagi lé òfin oṣù Kẹsàn-án. Ọwọ́ Daumier tú. Lóòótọ́ ló padà sórí ọ̀ràn ìlú: ní oṣù Kẹta ó yà ọmọ ìta kan tó jókòó sórí àga ọba ní ààfin Tuileries, tó ń gbádùn bó ṣe rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tó ṣe. Ọkùnrin gbogbo ní Faransé gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́dún yẹn. Obìnrin kankan kò gbà á. Eugénie Niboyet dá ìwé ìròyìn La Voix des femmes sílẹ̀ ní oṣù Kẹta láti béèrè rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, àbá láti dá ìkọ̀sílẹ̀ padà dé iwájú àwọn aṣòfin. Le Charivari bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣẹ̀sín, Daumier sì yà ọ̀wọ́ kan tó ń jẹ́ Les Divorceuses, àwọn obìnrin tó ń wá ìkọ̀sílẹ̀. Nínú ọ̀kan, obìnrin kan dúró lórí pèpéle, ó ń pariwo fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó fẹ́ jọ pé wọn kò ní fún wọn ní ìkọ̀sílẹ̀ mọ́, kí wọ́n yáa kéde pé ilẹ̀ baba wọn wà nínú ewu. Wọ́n gbé àbá náà kúrò nílẹ̀ kí ọdún tó parí. Ní 1849, obìnrin kan tó ń jẹ́ Jeanne Deroin jáde láti díje fún ilé aṣòfin bí òfin kò tilẹ̀ gbà á láyè. Ní ọdún yẹn kan náà, Daumier yà Les Femmes socialistes: àwọn ìyàwó tó ń lọ sí ìpàdé, àwọn ọkọ tí wọ́n ń fi ọmọ sílẹ̀ fún.

Kò sí aláyẹ̀wò tó fipá mú un ní 1848. Ọba ti lọ, ẹ̀wọ̀n Sainte-Pélagie kò dúró dè é. Òun àti ìwé ìròyìn rẹ̀ ló yàn án. Òfin 1835 ló lé ẹ̀fẹ̀ wọ yàrá lọ́kọláya, mo gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn wá ṣí, wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀rín tí wọ́n bá fi obìnrin pa kì í náni ní nǹkan kan, wọn kò sì fẹ́ jáde.

Ẹnikẹ́ni tó ní fóònù lè wo gbogbo àwòrán wọ̀nyí lónìí. Yunifásítì Brandeis ní Amẹ́ríkà ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ìkàwé ìjọba Faransé náà sì gbé wọn sí orí Gallica, ojúlé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ń ṣe àfihàn wọn ni pé kí wọ́n má fi àwòrán ṣòkòtò yẹn síta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ nìkan. Kí wọ́n sọ pé Daumier kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin Faransé lọ́dún 1839, pé Flora Tristan ti kọ̀wé bẹ̀bẹ̀ fún un, pé ọkọ rẹ̀ tó ń fi lítógíráàfù jẹun ti yìnbọn fún un. Ọjọ́ 27 oṣù Keje 1884 ni àwọn aṣòfin tó dá ìkọ̀sílẹ̀ padà. Daumier ti kú láti 1879, Flora Tristan ti wà nínú sàréè rẹ̀ ní Bordeaux fún ogójì ọdún.